Ohun Tí Ilé Yìnyín Kọ́ Mi Létíkun Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni àwọn ènìyàn kan ń kọ́lé sórí omi, àti bóyá mo fojú ara mi rí òkun. Mo rí i. Òun náà rí mi. Èyí tó dùn létí nìkan ni mo ti ń sọ fún yín lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó kù.

Èmi Mùníírà, ọmọ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun tí mo wà ra ẹ̀rọ tuntun kan tó ń dá tan ara rẹ̀, tó sì ń dá pa ara rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń rò. Ọ̀gá wa ní ọ̀rẹ́ kan, Ẹnjinnía Ọmọ́lẹ́yẹ, tó ti pẹ́ nídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ọkùnrin náà ti padà sí abúlé rẹ̀, kò jìnnà sí Ugbónlà, ó dá ilé yìnyín sílẹ̀ fún àwọn apẹja. Ọ̀gá wa ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ibi tí títì parí sí

Títì parí ní Ìgbókọ̀dá. Ọ̀nà tí mo ti ń tọ̀ bọ̀ láti ilé, àfi bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Omi ló kù níwájú, omi tó dúdú bí àgbo.

Àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ bí ẹni ń wọ pálọ̀ ilé wọn. Ìyá kan pọn ọmọ, ó gbé agbọ̀n lérí, ó gbẹ́sẹ̀ láti èbúté sínú ọkọ̀ láìwo ilẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, mo fi èkejì sílẹ̀ lókè, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kúrò lábẹ́ mi. Ọwọ́ bíi mẹ́rin ló gbá mi mú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ará òkè ni," ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ sọ. Kò sọ ọ́ bí èébú. Bí ènìyàn ṣe ń sọ pé ẹlòmíràn ń ṣàìsàn ló ṣe sọ ọ́.

Mo di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú gírígírí. Obìnrin tó jókòó tì mí yọ ìka mi kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ọwọ́ mi lé pákó tí a jókòó lé. Ó ní, "Ibí ni kí o dì mú. Tí ọkọ̀ mìíràn bá sún mọ́ wa, á gé ìka ẹni." Lẹ́yìn ìyẹn kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí tèmi títí a fi dé.

A gba àárín igi tí gbòǹgbò wọn dúró sókè nínú omi bí ẹsẹ̀ ẹran. Omi ń fẹ̀ sí i, igi ń dínkù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ iyọ̀ wò nínú atẹ́gùn. Mo ń gbọ́ ìró kan níwájú, mo sì rò pé tírélà ló ń bọ̀. Mo ti ń wá ibi tí títì wà kí n tó rántí. Òkun ni.

Àlejò ta ni ẹ́?

Ọ̀dọ̀ Ìyá Sàlíù ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Mùsùlùmí ni, bíi tèmi. Wọn kò pọ̀ níbẹ̀. Òun ló ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, tó ń kó o sínú yìnyín lọ sí Ìgbókọ̀dá. Obìnrin gíga ni, kì í pariwo, ìrìn rẹ̀ lórí pákó kì í sì í dún.

Orí òpó ni ilé rẹ̀ dúró sí, bíi ti gbogbo wọn, orí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí òpó ni wọ́n sì ń gbà láti ilé kan dé èkejì. Mo ń rí omi láàárín pákó kan àti èkejì nígbà tí mo bá ń rìn. Mo ń rí i nígbà tí mo bá ń kírun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo bi í pé níbo ni ilẹ̀ wà.

"Ilẹ̀ wo?" ni ó fi dá mi lóhùn.

Ó mú mi lọ síbi tí abúlé parí sí, ó na ìka sí ọkọ̀ ìpẹja kan tó ń jó lórí ìgbì lókèèrè. Ó ní ibẹ̀ ni ilé ìdáná òun wà nígbà tí òun ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, kí òkun tó jẹ ilẹ̀ náà. Ó ní àwọn ará Araromi létíkun náà ní irú rẹ̀ láti sọ, àwọn mìíràn nínú wọn ti ṣí ilé sẹ́yìn léraléra débi pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó sì yíjú padà lọ yan ẹja rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò tún sùn kí n má fetí sí òkun.

"Ghá jẹun, ọma mi," ni ó máa ń wí. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bá mi jà, nítorí "ghá" yẹn ń jáde láti ọ̀nà ọ̀fun. "Wá jẹun, ọmọ mi" ni. Púpurú ni oúnjẹ wọn, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n yan lórí iná kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì rò ó, tó ń ta sánsán èéfín. Ọbẹ̀ ewé marúgbó ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́; ó dúdú, ó korò díẹ̀, ẹja inú rẹ̀ sì tóbi débi pé ní Ìsẹ́yìn a ó pe ìpàdé ẹbí kí a tó gé e. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, gbogbo ilé ń wo bí mo ṣe ń yọ egungun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń dúró dè mí ni kí wọ́n tó kó abọ́.

Ohun mìíràn tó yà mí lẹ́nu nínú ìwà wọn ni pé kò sẹ́ni tó ń bi mí ní orúkọ. "Àlejò ta ni ẹ́?" ni gbogbo wọn ń bi mí. Tí mo bá ti ní ti Ìyá Sàlíù, ó ti tán. Bí mo bá ṣubú sómi, wọ́n ti mọ ẹni tí wọn yóò ké sí.

Ojú, ọpọlọ, ọwọ́

Ohun tí Ẹnjinnía Ọmọ́lẹ́yẹ kọ́kọ́ kọ́ mi kì í ṣe iná. Ó mú àkísà kan tí gáàsì inú ẹ̀rọ ti fẹ́ sí díẹ̀, ó ní kí n rọra gbóòórùn rẹ̀. Ámóníà ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n fi ń mú omi dì. Ṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo nù mí lójú. Mo wú ikọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó ní, "Ìyẹn kékeré. Bí páìpù bá bẹ́, ibo lo máa sá sí?"

Mo wo ọ̀tún, ilé àwọn ènìyàn ni. Mo wo òsì, ilé ni. Mo wo ìsàlẹ̀. Omi ni.

"Ó dáa," ó ní. "Ní báyìí a lè bẹ̀rẹ̀."

Ó ní ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ ní ojú, ó ní ọpọlọ, ó ní ọwọ́. Ojú ni sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí gáàsì ṣe ń ti páìpù tó. Ọpọlọ wà nínú àpótí irin kan lára ògiri, òun ló ń fi ohun tí ojú rí wé ohun tí a sọ fún un pé a fẹ́. Ọwọ́ ni mọ́tò àti fáàfù tó ń ṣí tàbí tó ń dí páìpù, tí ọpọlọ ń rán níṣẹ́. Ojú á tún wo ohun tí ọwọ́ ṣe, á lọ sọ fún ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po.

Kò yé mi dáadáa títí mo fi jókòó ti Ìyá Sàlíù nídìí ààrò ẹja. Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sórí ẹja, ó fa igi kan jáde nínú iná. Láìpẹ́ ó tún na ọwọ́, ó ti igi náà padà. Mo dìde lójijì, mo ní, "Ìyá, ẹ̀rọ ni yín." Ó wò mí, ó ní kí n bu omi mu.

Ẹ̀kọ́ tó le jù dé lẹ́yìn náà. Wáyà tí ojú ẹ̀rọ fi ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀, iná díẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá nígbà gbogbo, kódà nígbà tí kò bá sí nǹkan kan nínú páìpù. Mo bi Ẹnjinnía pé kí ló dé tí òfo náà fi gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Tí o bá kan ìlẹ̀kùn bàbá àgbàlagbà kan láàárọ̀, tó ní òun kò jí ire, o ti mọ ohun tó ń ṣe é. Tí kò bá dáhùn rárá ńkọ́?"

"Ẹ̀rù á bà mí, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni kí ó ba ẹ̀rọ náà. Tí ojú rẹ̀ bá dákẹ́, kó dúró."

Ó fún mi ní àgádágodo pupa kan. Ó ní bí ẹ̀rọ bá dúró tí mi ò sì mọ ìdí, kí n fi ti súwíìṣì ńlá pa. Ẹni tó bá tì í ni yóò ṣí i, kódà bí òun tí òun ni ilé yìnyín bá ń pàṣẹ.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́

Ìjì kan jà. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò sí ọkọ̀ tó lè jáde, omi sì ga débi pé ó ń lá abẹ́ pákó. Fóònù kò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí òkun rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn apẹja jáde lóru; nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹnjinnía gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ wá àwọn nǹkan ẹ̀rọ. Ó ní ọ̀la ni òun ń bọ̀, ó fi ilé yìnyín sílẹ̀ fún mi.

Àárọ̀ yẹn náà ni àwọn apẹja padà dé. Ọkọ̀ wọn rì sómi dé ẹnu, nítorí ẹja. Dúrójayé, ẹni tó ni ọkọ̀ tó tóbi jù, ń kọrin bó ṣe ń bọ̀. Ìyá Sàlíù ra èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ń kó o jáde sórí pákó, ó ń dán bí fàdákà, gbogbo abúlé sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ náà dúró.

Ariwo rẹ̀ ti mọ́ wa lára débi pé ìdákẹ́ rẹ̀ ló mú kí gbogbo ènìyàn gbójú sókè. Mo sáré wọlé. Lójú àpótí ọpọlọ, níbi tí ìwọ̀n ìtì gáàsì ti máa ń hàn, ìlà lásán ló wà. Ojú ẹ̀rọ ti dákẹ́. Géèjì kan wà lára páìpù tó ń fi ìtì náà hàn, èyí tí kò lo iná. Ọ̀pá inú rẹ̀ dúró síbi tó dára. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo wá rántí pé ẹ̀rọ ti dúró, ó yẹ kí ọ̀pá náà ti máa sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ìka gbá a. Kò mira. Iyọ̀ ti mú un síbẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀gbà.

Ẹlẹ́rìí méjì ni mo ní. Ọ̀kan kò sọ̀rọ̀, èkejì kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ kan lọ.

Mo ṣí gbogbo àpótí wáyà tí ọwọ́ mi lè tó. Wọ́n dára. Èyí tó kù gba abẹ́ pákó, ìgbì sì ń bò ó. Mo padà sínú ilé, mo ti súwíìṣì ńlá pa, mo fi àgádágodo pupa sí i, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ abẹ́ aṣọ mi.

Dúrójayé ló kọ́kọ́ wọlé, àwọn ọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀.

"Ará òkè, tan ẹ̀rọ."

"Kò ṣe é tàn, sà."

"Ṣé o ò lè tàn án ni, àbí o ò fẹ́ tàn án?"

Mi ò lè purọ́ fún un. Wáyà kékeré kan ni yóò gbà. Mo lè so ẹnu méjì pọ̀, kí n fi tan ọpọlọ ẹ̀rọ jẹ pé ojú ṣì ń ríran. Mo ní, "Mo lè tàn án, sà. Mi ò ní tàn án."

 Ìyá Sàlíù gba àárín wọn kọjá, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìpẹ́ ẹja.

"Mùníírà, ẹja ń rọ̀. Ṣé ẹ̀rọ bàjẹ́ ni?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Tó ò bá mọ̀, kí ló dé tó ò dán an wò?"

"Torí pé mi ò mọ̀ ni, mà. Bí páìpù bá ti kún ju bó ṣe yẹ, tí mo bá tàn án, ó lè bẹ́. Kò síbi tí a máa sá sí."

Ó wo géèjì, ó ní, "Èyí ní ó dára."

"Èyí ò lè sọ nǹkan mìíràn, mà."

Dúrójayé ní òun ti rí ẹni tó so irú wáyà bẹ́ẹ̀ pọ̀ rí, ó sì ṣiṣẹ́. Ó na ọwọ́ sí àpótí ọpọlọ. Mo wọ àárín òun àti àpótí náà. Kò tì mí. Ó kàn tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ sí etí mi, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ṣé o mọ omi wẹ̀?"

Mo fi ẹ̀yìn ti àpótí náà. 

"Dúrójayé," Ìyá Sàlíù pè é. Kò gbé ohùn sókè. "Àlejò mi ni."

Ọkùnrin náà yíjú, ó jáde. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ìyá Sàlíù kò wojú mi. Ó ní, "O ti ṣe tìẹ. Wá bá mi yan ẹja."

A kó ìwọ̀nba yìnyín tó ṣẹ́ kù lé àwọn ẹja ńlá lórí. A yan èyí tí ààrò lè gbà, gbogbo obìnrin abúlé ń yan tiwọn, èéfín sì bo ojú ọ̀run. Kò tó nǹkan. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń da èyí tó bàjẹ́ sínú omi, agbọ̀n kan tẹ̀lé èkejì, àwọn ẹyẹ òkun ń jà lé e lórí. Mo fẹ́ gba agbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kí n gbà á.

Wáyà

Ẹnjinnía dé lọ́jọ́ kejì, omi sì ti fà. Ó bọ́ bàtà, ó wọ abẹ́ pákó lọ. Kò pẹ́ tó fi jáde pẹ̀lú ègé wáyà kan lọ́wọ́. Iyọ̀ ti jẹ ẹ́ títí ó fi di àwọ̀ ewé. Ó fi ìka méjì mú un, ó dá sí wẹ́wẹ́. Ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mo ṣí àgádágodo mi, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìtì gáàsì wà níbi tó yẹ kó wà.

Gbogbo àwọn ará àná ló wà níbẹ̀. Dúrójayé bèèrè pé, "Páìpù ńkọ́?"

"Páìpù dára," Ẹnjinnía dáhùn.

"Kò sí nǹkan tó ṣe é láti àná?"

"Kò sí."

"Ó wá jẹ́ pé lásán ló fi ẹja wa ṣòfò."

Mo ń retí kí ọ̀gá mi gbèjà mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ojú ẹ̀rọ kan máa ń dákẹ́ báyìí. Gbogbo ìgbà tó bá dákẹ́, wáyà ni. Ó wá sú wọn, wọ́n so ó pọ̀. Ìgbà tó tún dákẹ́, kì í ṣe wáyà mọ́. Èmi wà nínú àwọn tó kó òkú."

 Ìyá Sàlíù gbé abọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ má bi mí bí ilé ṣe rí lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń fún mi lóúnjẹ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, orí ẹja ṣì ń kàn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wa. À ń kírun pọ̀, a ó kí ara wa, ó parí. Lọ́pọ̀ ìgbà ni mo fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé mo ti jẹ oúnjẹ rẹ̀, mo sì ti ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ lanu, mi ò rí ohun tí màá ní mo ṣe tí kò dára.

Oṣù kan àti díẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ tún dúró, Ẹnjinnía kò sì sí nítòsí. Lọ́tẹ̀ yìí ojú ẹ̀rọ kò dákẹ́. Ohun tó ń sọ gan-an ló ń dẹ́rù bani: ìtì gáàsì ti ga kọjá ààlà. Àwọn ọkọ̀ ti wà létí omi, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin lórí pákó. Mo fi àgádágodo sí i, mo yíjú sí ẹnu ọ̀nà láti dúró dè wọ́n.

Ìyá Sàlíù ti wà níbẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó kékeré rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn yẹn dí i.

"Ẹja mi bàjẹ́ níjọ́sí, mi ò kú," ó sọ fún wọn. "Tiyín ò ní pa yín. Ẹ jẹ́ kó wá ìdí rẹ̀."

Dúrójayé wò ó, ó jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo wá ìdí náà. Ewéko omi ló dí ẹnu páìpù tó ń fa omi tútù wọlé, ooru sì ti há sínú ẹ̀rọ. Mo pè wọ́n, wọ́n bá mi fa ewéko náà jáde. Nígbà tí ara ẹ̀rọ tutù, tí ìtì gáàsì rọlẹ̀, mo ṣí i. Ẹja kò tíì rọ̀. Dúrójayé gba yìnyín tirẹ̀, ó ní, "O ṣeun, ará òkè," ó lọ.

Etí omi

Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ nílé, Ìyá Sàlíù sìn mí dé etí omi. Ó gbé agbọ̀n ẹja yíyan kan dání fún ìyá mi. Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ lórí pákó, mo ní, "Ìyá, nítorí ẹja yín ọjọ́sí, ẹ jọ̀ọ́."

Ó jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wojú ẹ," ó ní, "bóyá wàá wá bẹ̀ mí. Ká ní o bẹ̀ mí nígbà náà, ǹ bá mọ̀ pé ohun tí o ṣe kò dá ìwọ fúnra rẹ lójú, tí o sì fi ẹja mi dán an wò. Ǹ bá lé ọ jáde nílé mi. Dìde, ọkọ̀ ń dúró."

Mo dìde. Ó gbé agbọ̀n náà lé mi lọ́wọ́, mo sì gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀.